Owó Wúrà Inú Abọ́ Ìrẹsì

Kò sí ìyàwó tuntun láti Ìgàndò dé Ẹ̀gbẹ́dá tí kò fẹ́ fi owó wúrà Àlàájà Mọ̀dínátù kọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mẹ́kà ni ìyá náà ti rà á bọ̀ láyé ìjọ́sí, tòun ti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi so ó: orí ọba wà ní ojú kan, ọkùnrin tó gun ẹṣin wà ní ojú kejì. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ ní Ìdímù ló máa ń fi kọ́, kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Ohun tí gbogbo ayé ń yá lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló tún fẹ́ jí i?

Hamdalah jí i. Onídìrí ni, ayálégbé nínú ilé náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò tíì rí ọkọ fẹ́. Ó ti fi wúrà yẹn sọ́rùn ìyàwó mọ́kànlá, kò fi sọ́rùn ara rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 2009, tí Àlàájà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó mú un wọ yàrá, ó fi kọ́rùn, ó dúró síwájú dígí. Ẹwà ohun tó rí bà á lẹ́rù. Ó gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀.

Kó tó rántí dá a padà, ariwo ti ta. Wọ́n ní Charity ni, aláboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìkéré, torí pé òun ló wọ pálọ̀ lọ mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi. Abdulsobur, ọmọ Àlàájà, ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Hamdalah ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti yàrá kejì, ẹnu rẹ̀ ò sì gbà á láti sọ̀rọ̀. Ìtìjú ń pa á kú lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni Àlàájà dé. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣépè. Ó da ìrẹsì sínú abọ́ tánganran ńlá, ó fi aṣọ funfun bò ó.

Ó ní, “Kí kálukú wọ yàrá ẹ̀ lọ, kó di ọwọ́ ẹ̀ wá. Ẹ tì í bọ abẹ́ aṣọ, kẹ́ ẹ ṣí i nínú ìrẹsì, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lófìfo. Mi ò ní wojú ẹnì kankan.”

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló tò lẹ́yìn ìrun Alaasari, Abdulsobur náà sì ń kùn níbẹ̀. Nígbà tó kan Hamdalah, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, wúrà náà rì sínú ìrẹsì, ara sì tù ú.

Àlàájà wá da ìrẹsì náà sórí ẹní. Wúrà yọ jáde. Òrùka fàdákà tí ìyá náà wá títí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tẹ̀ lé e. Yẹtí ẹyọ kan. Kọ́kọ́rọ́ àpótí. Aago ọwọ́ olóògbé ọkọ rẹ̀, tó sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Orí Hamdalah wú. Ó ti rò pé òun nìkan ni olè nínú ilé náà.

“Subuhanallahi,” ni Àlàájà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó mú wúrà, ó nà á sí Charity pé kó bá òun fi kọ́ síbi tó máa ń wà.

Charity kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wó Hamdalah lulẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. “Charity, dárí jì mí. Èmi ni mo mú un.”

Ohùn Abdulsobur jáde láti ẹ̀yìn, kò sì fẹ́ẹ̀ ròkè: “Èmi ni mo mú aago Bàbá.” Ẹlòmíràn ní òun ló mú òrùka. Ẹlòmíràn tún sọ tiẹ̀.

Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn sọ̀rọ̀ tán ni Charity tó na ọwọ́, ó gba wúrà náà, ó sì lọ fi kọ́ orí ìṣó.