Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Dìde Fúnra Rẹ̀

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá Àfísù lápá òsì, kì í ṣe oko tí kò lè lọ mọ́ ló ń dùn ún jù. Pé kí wọ́n máa gbé òun dìde bí ọmọ ọwọ́ kí òun tó kírun, ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Asisat ìyàwó rẹ̀ kì í ráhùn, ṣùgbọ́n Jàrátù ọmọ wọn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà ní Ọ̀mù-Àrán, rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe ń di ìbàdí mú bó bá ti gbé ọkọ rẹ̀ dìde tán.

Jàrátù ní kí Láńre tó ń jó irin gé orí bẹ́ẹ̀dì náà kó lè máa gbéra. Ó so ẹ̀rọ tí ń yí wáípà ọkọ̀ mọ́ ọn, ó sì so ẹ̀rọ náà mọ́ bóòdù kékeré kan tó máa ń ṣe ohun tí èèyàn bá kọ fún un láti orí kọ̀ǹpútà. Súìṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí Bàbá bá tẹ̀ ẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì á gòkè. Bó bá fi í sílẹ̀, á dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, àpò gàrí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan súìṣì tí bẹ́ẹ̀dì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

“Jàrátù, ta ló tẹ̀ ẹ́?” Asisat ti fà sẹ́yìn.

“Kò sẹ́nì kankan, Màmá.”

Bàbá ń wò wọ́n láti orí àga. “Ẹ má gbé mi sórí nǹkan yẹn o,” ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jàrátù lára. Ó yọ iná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tú súìṣì kúrò, ó fi wáyà rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lára bóòdù, ó tún tan iná. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ń yí nígbà tó bá wù ú. Súìṣì kọ́ nìyẹn. Ó kọ ètò kúkúrú mìíràn fún bóòdù lórí kọ̀ǹpútà, pé kí ẹ̀rọ yí díẹ̀ kó sì dúró. Ẹ̀rọ gbọ́ràn. A jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kọ́ ló ní àbùkù.

Ó wá ní kí iná kékeré orí bóòdù máa tàn nígbàkígbà tí bóòdù bá rò pé wọ́n ti tẹ súìṣì. Iná ń ṣẹ́jú. Ó na ọwọ́ sún mọ́ wáyà láìfọwọ́ kàn án, iná tàn, kò kú mọ́.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Bí wọn ò bá tẹ súìṣì, wáyà ò so mọ́ ibì kankan. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, iná díẹ̀ tó bá sì ti inú afẹ́fẹ́ tàbí ara èèyàn kọjá lára rẹ̀ ni bóòdù ń gbà sí àṣẹ. Bóòdù ní ohun tó lè fi di irú wáyà bẹ́ẹ̀ mú kó má baà máa fì. Jàrátù ló gbàgbé láti sọ fún un pé kó lò ó.

Ó kọ ọ́ sínú ètò, ó dá súìṣì padà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí wáyà pupa tó ń gbé iná wá lọ sórí dúdú tó ń gbé e padà, ó tan iná. Bẹ́ẹ̀dì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Asisat mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jàrátù tẹ súìṣì, ó dúró. Ó fi í sílẹ̀, ó tún gbéra.

“Màmá, ó ti ń gbọ́ mi,” ni Jàrátù wí. “Òdì ló kàn ń gbọ́.”

Ó yí ìlà kan padà nínú ètò, kó jẹ́ títẹ̀ ni bóòdù á máa kà sí àṣẹ láti gòkè. Bẹ́ẹ̀dì dúró jẹ́ẹ́. Asisat tikára rẹ̀ fọwọ́ pa wáyà títí, bẹ́ẹ̀dì ò mira. Ó tẹ súìṣì, àpò gàrí gòkè. Ó fi í sílẹ̀, ó dúró.

Bàbá nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ gbé àpò yẹn kúrò.”

Nígbà tí ìrun Alásárì tó, wọ́n ti gbé Bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ súìṣì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó tààrà, ojú sí ìlà-oòrùn. Ó ní, “Àlìhámúdùlíláhì.” Asisat, tó ti na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, kó ọwọ́ náà padà, ó wá ibi jókòó sí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.