Imú Ìyá Ìwó

Ọmọge ni Àbẹ̀ní nígbà tó bá ọkọ rẹ̀, télọ̀, kúrò nílùú Ìwó wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọkọ ti kú, wọ́n ti sin ín síbẹ̀, orí ìyàwó ti funfun, síbẹ̀ Ìyá Ìwó ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, àfi bí ẹni tó dé lánàá. Kò bínú. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ rí kì í bi í léèrè ohun tó wá ṣe.

Àṣejù kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń dáná nínú ààwẹ̀, kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn obìnrin yòókù á fi ahọ́n kàn án, wọ́n á tu ú dànù, ààfáà kan ò sì bá wọn wí. Ìyá Ìwó kọ̀. Nílé ààfáà tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, imú ni wọ́n fi ń mọ iyọ̀ ọbẹ̀ ìṣínu, ó sì ń fi í yangàn kiri: "Èmi? Kí n tọ́ ọbẹ̀ wò? Kí ni Ọlọ́run wá fún mi ní imú fún?"

Imú ọ̀hún ti kú. Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ tó kọjá ló gbé e lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lukman ọmọ rẹ̀ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti rẹ màmá, kó fi iná sílẹ̀ fún Adéjọkẹ́ ìyàwó òun, ọmọ Ìdó-Ilé. Ẹ̀rù sì ń ba Ìyá Ìwó. Bí wọ́n bá gba ṣíbí lọ́wọ́ òun, kí ló kù tí òun wà fún nínú ilé yìí? Ojú àti ọwọ́ ló kù tó fi ń se oúnjẹ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Látífàt ọmọ Lukman gba odindi ààwẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, màmá sì ti ṣèlérí adìẹ nínú ata dínín fún un. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í pẹ́ gbé oòrùn mì. Ìyá ń kánjú. Òróró orí pẹpẹ tán nígbà tí ata ń hó, ló bá nawọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó fa kẹ́ẹ̀gì pupa rúsúrúsú kan jáde, ó dà á sí i, ó rò ó pọ̀. Adéjọkẹ́ gbé àwọn abọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Ìgbà tí màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dé kẹ́ẹ̀gì náà ló rí èkejì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Irú kan náà, ó kún, ọ̀rá tí Adéjọkẹ́ fi ń so ẹnu òróró tó bá rà lọ́jà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ìwó wo èyí tó dì mú. Kí wá ni èyí tó wà lọ́wọ́ òun? Ó rántí pé Lukman sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀ pẹ̀lú oògùn tó fẹ́ fín sí koríko oko, inú kẹ́ẹ̀gì òróró ló sì rọ ọ́ sí. Ibo ló gbé e sí? Màmá gbé ẹnu kẹ́ẹ̀gì sí imú, ó fà á títí ọrùn fi ń ro ó. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra ọwọ́. Ó ń yọ̀. Ṣé oògùn koríko náà kì í yọ̀ ni? 

"Ìyé, ẹ máa bọ̀ ní ulé o, oòrùn ti wọ̀!" Ohùn Adéjọkẹ́ nìyẹn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe ìyá wọlé.

Bí òun bá pariwo, tó bá wá jẹ́ òróró ńkọ́? Á jẹ́ pé òun fọwọ́ ara òun tú àṣírí imú òun síta lásán. Wọn ò ní jẹ́ kí òun sún mọ́ iná mọ́ láéláé. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ikú ta ni, Ìyá Ìwó? Ladáànì húkọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Màmá sáré, gèlè bọ́ lórí rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Dàbínù tó fi ṣínu ṣì wà lẹ́nu Lukman. Látífàt ti mu omi tán, itan adìẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìwó gbá ẹran náà bọ́ sílẹ̀, ó sì ta abọ́ nù.

"Ẹ má jẹ ẹ́! Imú mi ti kú! N ò mọ nǹkan tí mo dà sí i!"

Lukman wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tó jáde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà jìnnà sí ara rẹ̀.

"Ta ló gbé oògùn koríko yìí dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn?"

"Ẹ̀yin náà ni," Adéjọkẹ́ dá a lóhùn, ó ń sunkún. "Ẹ ní kí òjò má baà pa á."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Adéjọkẹ́ ya ẹnu Látífàt, ó yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gààrí ni gbogbo wọn jẹ sùn. Kò sẹ́ni tó bá màmá wí. Lukman tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni òun jẹ̀bi. Ìyá Ìwó ní alihamudulilahi, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Adéjọkẹ́ ló dáná lọ́jọ́ kejì, màmá sì jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Nígbà tí ladáànì pe ìrun, ó bu omi tútù sí ife, ó gbé e fún ọmọ náà fúnra rẹ̀.

"Gbà, ọkọ mi, fi ṣínu."

Látífàt kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ẹ ṣé, Màmá. Ó gbé ife náà sókè, ó sì kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.