Ìyá Tí Ń Wẹ Ọmọ Láìlanu

Ẹnu ni Tinúadé fi ba ilé ara rẹ̀ jẹ́, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Gbogbo Ìpetumodù ló mọ̀ pé ìkòkò tí ó bá fi ọwọ́ yẹn mọ kì í tètè fọ́. Ṣùgbọ́n bí inú bá ti bí i, èpè ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kí ó tó rántí pé onígbàgbọ́ ni òun. Bí ó bá ṣẹ́ ẹ tán, ojú á tì í. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Pásítọ̀ Láoyè bá ní kí àwọn tó fẹ́ ronú pìwà dà jáde síwájú, Tinúadé á dìde. Ó jáde títí, àwọn tó ń jókòó létí ọ̀nà á ti ká ẹsẹ̀ kò fún un kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí tó burú jù nínú àwọn èpè náà, orí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló lọ. Fisáyọ̀mi nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún un. Nígbà tí ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í fi Kọ́lápọ̀, ọkùnrin tí òun fẹ́, sílẹ̀, Tinúadé fa ọmú yọ níta gbangba, ó dì í mú, ó ní, “Bó bá jẹ́ ọmú yìí lo mu, o ò ní í rí ọmọ tí yóò mu tìrẹ.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fisáyọ̀mi fẹ́ Kọ́lápọ̀, wọ́n ń gbé ní Ilare ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀, ìkejì náà tún bàjẹ́. Pásítọ̀ pe ìyá, ó pe ọmọ, ó sọ fún wọn pé èpè kò ní agbára lórí ẹni tó jẹ́ ti Jésù, pé àìsàn ni, àwọn dókítà sì ti dárúkọ rẹ̀. Etí wọn gbọ́. Ọkàn wọn ni kò gbọ́. Tinúadé gbààwẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi jìn, ó sunkún títí ó fi dà bíi pé omijé ti tán nínú rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìdìbò tí ìjọba fagi lé, tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, ni Fisáyọ̀mi bí ọmọbìnrin kan. Ìyá Kọ́lápọ̀ ti kú, kò sí àgbà tí yóò wẹ ọmọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìpetumodù. Tinúadé fi amọ̀ tútù sílẹ̀ níbi tó wà, ó sáré wọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ rẹ̀ ti pàdé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i tán, kò tíì dìde tí ó fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

“Màámi, ẹ ó bá mi wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má la ẹnu sí i. Ẹ má kì í ní oríkì, ẹ má súre fún un. Bó bá di ọjọ́ ìkómọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ èpè lẹ́nu yín, ẹ̀yin náà á sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ó súre fún un lójú gbogbo ènìyàn.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọmọ ló ń ti ẹnu ìyá rẹ̀ mọ́lé. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, Ilare ì bá gbóná lọ́jọ́ náà. Tinúadé kàn ní, “Mo gbọ́.” Ó mọ ohun tó fà á.

Ẹni tó bá ti wẹ ọmọ tuntun rí mọ̀ pé ẹnu ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ bá ń fi kànìnkànìn ra ọmọ lára, ẹnu á máa pè é, á máa tàn án, á máa bẹ̀ ẹ́. Tinúadé á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sí i, á pa ètè dé. Ọmọ á ké, kò ní í sọ pé pẹ̀lẹ́. Omijé tí ó rò pé ó ti tán á máa kán sínú báàfù. Ó ní orúkọ kan tí ó ti mú wá láti Ìpetumodù, Ìkẹ́olúwa, abẹ́ ahọ́n ló fi í sí. Ó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ajá tó máa ń buni jẹ.

Ó ṣọ́ ọ títí ó fi di àárọ̀ ìkómọ.

Fúnlọ́lá, àbúrò Kọ́lápọ̀, ló gbé omi ìwẹ̀ wá láàárọ̀ náà. Àlejò ti ń dé, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Omi tó ń hó lórí èédú ló dà sínú báàfù, ó gbàgbé láti bu omi tútù là á. Ọmọ ti wà lórí ẹsẹ̀ Tinúadé. Ó ti igbọ́nwọ́ bọ omi wò, omi bó o, ó sì fà á yọ.

“Fúnlọ́lá! Iná ni yóò jó ọwọ́ tí o fi da omi yìí! O ò ní í fi gbé ọmọ tìrẹ!”

Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Fúnlọ́lá jẹ̀bi, mi ò ní í bò ó. Omi náà ì bá bó ọmọ. Ṣùgbọ́n ṣé “ó gbóná jù” kò tó ní sísọ ni?

Fisáyọ̀mi jáde láti yàrá. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

“Èpè kan náà, Màámi,” ó ní. “Èpè kan náà tí ẹ ṣẹ́ fún mi.”

Pásítọ̀ Láoyè ti dé láti Ìpetumodù, wọ́n sì kó ọmọ jáde. Wọ́n fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, àwọn ẹbí ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Tinúadé, Fisáyọ̀mi wo Pásítọ̀ Láoyè, ó sì mi orí sí i pé rárá. Wọ́n fò ó. Aládùúgbò kan tí kò bá wọn tan rárá ló dárúkọ tẹ̀ lé e, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín. Tinúadé rọra dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ibẹ̀ ni Pásítọ̀ bá a, níbi èédú tó ti kú.

“Ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà fún mi mọ́, Pásítọ̀,” ó ní. “Mo ti tún ṣubú. Ẹni tó ń jáde síwájú látọjọ́ yìí tí kò yí padà, á ti sú Ọlọ́run.”

“Ẹ ò sú Ọlọ́run. Ibi tí ẹ bá ṣubú sí, ibẹ̀ náà ni yóò ti fà yín dìde, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń bẹ Ọlọ́run yìí, ṣé ẹ bẹ Fisáyọ̀mi rí?”

“Bẹ Fisáyọ̀mi? Èmi tí mo bí i?”

“Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ ẹ́.”

Kò rò ó débẹ̀ rí. Ta ló ń bẹ ọmọ? Ìyá á ra ẹja fún ọmọ, á rán aṣọ fún un, á gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, ọmọ á sì mọ̀ pé ìyá ti kábàámọ̀. Tinúadé ti kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, kò kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí ó ṣẹ́ èpè fún rí.

Ó kọ́kọ́ wá Fúnlọ́lá rí, ó bẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì bú sẹ́kún. Nígbà tí àlejò tú ká nírọ̀lẹ́, ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Màámi, ẹ dìde! Kí lẹ fẹ́ kí ayé pè mí?”

“Jẹ́ n sọ ọ́, Àbẹ̀ní.” Láti ọjọ́ èpè náà, kò tíì pè é ní oríkì rí. “Ọmú tí mo dì mú lọ́jọ́ náà, oúnjẹ rẹ ni. Oúnjẹ rẹ ni mo fi ṣépè fún ọ. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Fisáyọ̀mi sunkún bí ọmọdé. “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sunkún wọn, ẹ̀yin ló yẹ kí n sá bá, ẹ̀yin náà ló tún ń bà mí lẹ́rù.” Ó nu ojú. “Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì yín, Màámi. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, irọ́ ni.”

“Mo gbọ́,” ni Tinúadé wí. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀.

“Níbo lẹ̀ ń lọ?”

“Ìpetumodù. Mo ti ba àdéhùn jẹ́.”

Fisáyọ̀mi yẹ ìdí ọmọ wò. “Ó ti tún yàgbẹ́ sára. Ṣebí àárọ̀ yìí náà ni mo wẹ̀ ẹ́. Ṣé ká wá sọ ọ́ nù ni? Ẹ gbé àpò sílẹ̀, Màámi. Mo fẹ́ gbé omi kaná.”

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi náà wá. Tinúadé jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sí i. Ó ti igbọ́nwọ́ tó bó láàárọ̀ bọ omi. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, òun náà kò sì pè é jáde.

“Ṣé omi náà dáa?” Fisáyọ̀mi bi í.

Tinúadé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ dá mi lóhùn, Màámi.”

Tinúadé la ẹnu. “Ó dáa,” ó ní. “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Ọmọ náà yí ojú síbi tí ohùn náà ti wá. Tinúadé kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí tó fi wẹ̀ ẹ́ tán.