Orúnkún Eliécer àti Táìlì Mama Mélida

Kò sí orúnkún kankan tó ń dun Eliécer. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá àìsàn náà sílẹ̀, lọ́jọ́ tí Nurys, tó wá di olólùfẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i níwájú ṣọ́ọ̀bù igun àdúgbò pé kó dìde kí àwọn jọ jó. Ó ní alùpùpù ló ṣubú lu òun lórúnkún. Nurys ní, "Yéè, pẹ̀lẹ́ o," ó sì jókòó tì í. Irọ́ náà wúlò fún un débi pé kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti fi orin bachata sí i báyìí, á gbá orúnkún mú, á sì máa rọra fọwọ́ pa á bíi bàbá arúgbó. Lọ́sẹ̀ kan, ọ̀tún ni. Lọ́sẹ̀ kejì, òsì ni. Kì í tiẹ̀ rántí èyí tó sọ tẹ́lẹ̀.

Ní Guayubín, ìlú wọn, ọkùnrin tí kò lè jó bachata ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Ọmọ tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já gaara ń jó o láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí Eliécer ni Sista Eunice, ti ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tó wà lẹ́bàá afárá. Nílé tiwọn, orin ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó ni bachata. Bí aládùúgbò bá fi sí i, Sista Eunice á ti gbogbo fèrèsé pa, nínú ooru Guayubín tó ń se èèyàn bí ẹyin. Báyìí ni Eliécer ṣe dàgbà, tó kọ́ṣẹ́ fíríìjì títúnṣe, tó ní ṣọ́ọ̀bù tara rẹ̀, láì gbé ẹsẹ̀ sí orin náà rí. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ ṣì ń dí i lọ́wọ́ o. Sista Eunice fẹ́ràn Nurys, wọ́n tiẹ̀ ti sọ fún ọmọ wọn pé ohun tó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, àárín òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni, kó má ṣáà ti ṣe é ní pálọ̀ àwọn. Ìtìjú nìkan ló kù. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kò fẹ́ kí ayé rí òun bí òun ṣe ń kọsẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń yan fanda.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni Ọjọ́ Àwọn Ìyá, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́ náà, nílé Mama Mélida tó bí Nurys, gbogbo ọkùnrin tó bá ti fẹ́ ọmọ wọn, tàbí tó ń fẹ́ ẹ lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ bá Mama jó orin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà láti Montecristi tó ń fẹ́ Nurys kí Eliécer tó dé. Onítọ̀hún mọ ijó jó dáadáa, ó sì bá Mama jó, àmọ́ bó ṣe ń jó ló ń yọjú kọjá èjìká Mama, ó ń wo ẹni tó ń wo òun. Nígbà tí orin tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Mama sọ: "Ẹni yẹn ò sí nílé." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìfẹ́ ọ̀hún tú ká. Eliécer sì fẹ́ràn Nurys débi pé oorun kì í kùn ún dáadáa mọ́. Bí Mama bá sọ pé òun náà kò sí nílé, ó parí nìyẹn.

Nurys ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

"Ìwọ ló kàn ní Sọ́ńdè o."

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Mama ní orúnkún o, àìsí orúnkún o, àwọn ń retí ẹ."

Bó ṣe lọ tán, Eliécer ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó yọ fóònù. Ó rí olùkọ́ ijó kan tó ń gbé ní Yúróòpù, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń dán, tí èrò rẹpẹtẹ ń wò. Olùkọ́ náà ń kà á pé ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ìdí. Ó ń yí obìnrin po bí òòyì, ó ń dá a dẹ̀yìn títí irun rẹ̀ fi ń gbálẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ọmọ Guayubín, tí bachata ń tú jáde láti gbogbo fèrèsé àdúgbò rẹ̀, ló lọ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ará Yúróòpù nínú fóònù! Fíríìjì àtijọ́ kan tí mọ́tò rẹ̀ ti kú, tó sì ga tó Nurys, ló fi ṣe ẹnìkejì. Ó gbá fíríìjì mọ́ra, ó ń kà, ó ń làágùn. Fíríìjì kò ráhùn. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti dá a lójú pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òórùn ewúrẹ́ tí wọ́n fi ewé oregánò sè ti gba gbogbo ilé Mama Mélida. Àga oníke wà lẹ́bàá ògiri, bíà tutù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nínú ife kéékèèké. Radhamés, ọkọ ẹ̀gbọ́n Nurys, oníkùn gbẹ̀ǹdù tí kì í dákẹ́, ló kọ́kọ́ rí Eliécer.

"Àna mi, báwo lorúnkún?"

"Ó ń san díẹ̀díẹ̀."

"Fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ tó kàn mí, ẹ̀yìn ilé ni mo ti lọ bì kí n tó jó."

Ọ̀rọ̀ yìí kò fọkàn Eliécer balẹ̀ rárá. Ó jókòó, ó ń wo àwọn tó ń jó, ohun tó ń rí kò sì yé e. Radhamés gbá ìyàwó rẹ̀ mú, wọn kò kúrò lójú kan. Ẹsẹ̀ wọn ń yẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, ó ń yẹ̀ sósì díẹ̀, ìdí ń dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyàwó ọ̀hún tiẹ̀ ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí èjìká ọkọ rẹ̀ pé iyọ̀ ewúrẹ́ náà kò tó, sálúbàtà tó fi ń dáná ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yí po. Kò sẹ́ni tó ń kà. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni.

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni," Eliécer sọ nínú ara rẹ̀. "Wọ́n ṣì ń na ara."

Mama Mélida ti ilé ìdáná jáde. Wọ́n nu ọwọ́ sí épúrọ̀n, wọ́n sì na ọwọ́ náà sí i. Bí ó ṣe ní kí òun dìde báyìí, iná lọ. Orin kú. Gbogbo ilé kígbe, "Áàà!" Inú Eliécer dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó kọrin ìyìn. Àfi bí ínfátà ilé ṣe dún pẹ́ẹ́, tí orin sì bẹ̀rẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ínfátà náà ṣe lóṣù tó kọjá, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè fẹ́ràn òun.

"Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ," Mama ní. "Dìde."

Ó dìde. Ó gbá Mama mú bó ṣe gbá fíríìjì mú, ètè rẹ̀ ń mì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ìdí. Ó gbé wọn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbé wọn bọ̀ wá sí ìdí ìkòkò òdòdó. Ó gbé ọwọ́ wọn sókè, ó yí wọn po, sálúbàtà kan fò kúrò lẹ́sẹ̀ Mama, ajá sì gbé e lọ. Nígbà tó wá fẹ́ dá wọn dẹ̀yìn, Radhamés kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Eliécer! Ìyá wa nìyẹn o, kì í ṣe aṣọ tútù! Ṣé o fẹ́ fún omi ara wọn dànù ni?"

"Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀!" ìyàwó Radhamés náà ké. "Á tẹ̀ wá pa!"

Ẹ̀rín bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nurys fi ọwọ́ bo ẹnu, Eliécer kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín ni tàbí ẹkún ló fẹ́ sun. Ojú tì í débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Mama nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di èjìká rẹ̀ mú ṣinṣin, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Ta ló ń lé wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mama?"

"Mo ní ta ló ń lé wa? O ti gbé mi dé Montecristi, o ti gbé mi bọ̀, orin ò tíì dé ìdajì."

Eliécer mọ̀ pé ó ti parí fún òun. Irọ́ pípa sì ti sú u.

"Mama, mi ò mọ̀ ọ́n jó," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nǹkan kan ò ṣe orúnkún mi. Inú fóònù ni mo ti lọ kọ́ eléyìí. Ẹ forí jì mí."

"Mo mọ̀. Èmi àti Eunice jọ lọ ilé ìwé, ibo lọmọ ẹ̀ ti máa rí bachata kọ́? Orúnkún tó ń ti ọ̀tún ṣí lọ sí òsì, ṣé ojú mi fọ́ ni? Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tó ń ha mí lẹ́yìn."

Ìgbà yẹn ni Eliécer tó kíyè sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Mama. Ìka rẹ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ṣìkì-ṣìkì-ṣì, ṣìkì-ṣìkì-ṣì, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nínú orin náà, gúírà ń ké, agolo irin gbágungbàgun tí wọ́n máa ń fi irin ha. Ìka rẹ̀ bá a mu láìyẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ fi ń sáré kiri bí ẹni tí oyin ń lé, ọwọ́ kò fìgbà kan ṣìnà.

"Kí lo máa ń ṣe ní ìjọ yín?" Mama bi í.

"Gúírà ni mo máa ń ha, Mama. Láti kékeré."

Mama wá bú sẹ́rìn-ín, èyí tó ti inú wá.

"Ìwọ ni! Ọmọ Eunice, ìwọ ni! Gúírà yẹn máa ń sọdá odò wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ. Mo máa ń sọ fún olóògbé ọkọ mi pé ẹni tó ń ha nǹkan yìí, ọwọ́ ẹ̀ dáa."

"Ṣùgbọ́n orin ìjọ nìyẹn."

"Irin kan náà ni. Ọwọ́ ẹ ti ń jó o tipẹ́, ẹsẹ̀ ẹ ni ò gbọ́. Má kà á mọ́. Wo ilẹ̀."

Ó wolẹ̀. Táìlì àtijọ́ ni, òdòdó pupa kan wà láàárín rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.

"Ṣé o rí òdòdó yẹn? Ibẹ̀ ni olóògbé máa ń dúró. Kì í kúrò níbẹ̀ títí orin á fi tán. Orí táìlì kan yìí la wà tá a fi bí ọmọ mẹ́fà. Dúró síbẹ̀."

Eliécer dúró síbẹ̀. Ó jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún máa ṣe ohun tó ti ń ṣe lẹ́bàá pẹpẹ láti kékeré, ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa gbọ́ tirẹ̀, sọ́tùn-ún díẹ̀, sósì díẹ̀, tí ìdí á dáhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á fún un. Nígbà tí gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í ta kíkankíkan, ọwọ́ yá, ẹsẹ̀ náà yá, ó tẹ òdòdó náà mọ́lẹ̀ kíákíá kíákíá, ó sì padà sí jẹ́jẹ́. Mama ń bá olórin gbe orin, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ tó ń sunkún nínú ilé ọtí, inú wọn sì ń dùn bí wọ́n ṣe ń gbè é. Radhamés ti lọ bu ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wo àwọn méjèèjì mọ́. Ara tu Eliécer débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Nǹkan tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, ìdúró lójú kan ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nígbà tí orin tán, ó mú Mama lọ sí ìdí àga wọn, pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Mama jókòó, wọ́n fi etí épúrọ̀n nu ojú, wọ́n sì gbóhùn sókè kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́.

"Nurys! Wá gba ọkùnrin ẹ. Ó wà nílé."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, orúnkún Eliécer ṣe é ní nǹkan lóòótọ́: méjèèjì rọ. Nurys ti dé iwájú rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Èwo ló ń dùn ẹ́ lónìí?"

"Kò sí èyí tó ń dùn mí."

"Ó dáa o. Nígbà Àjíǹde, òsì ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀tún ni. Mo rò pé ó máa dé ìgbọ̀nwọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Nurys, o mọ̀?"

"Ta ni ò mọ̀? Ọjọ́ tó o máa sọ fún mi ni mò ń retí."

"Mi ò mọ̀ ọ́n jó," Eliécer ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Orin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú un lọ sórí òdòdó pupa náà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lẹ́yìn, kò sì ka nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀, Nurys gbé orí kúrò ní èjìká rẹ̀.

"Kí ni ọwọ́ ẹ ń ṣe lẹ́yìn mi?"

"Gúírà."

"Má dá a dúró."

Kò dá a dúró.