Tiyín Ni, Kì í Ṣe Tiwa

Ẹ gbà mí o, ṣé èmi ni mo wó òrùlé ilé ìgbẹ̀bí ni? Òjò ló wó o. Èmi kàn kà á nínú ìròyìn rédíò wa ni pé ẹgbẹ́ alátakò, nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí oyè, gbé iṣẹ́ òrùlé náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Pé ẹgbẹ́ ìjọba tó dé lẹ́yìn wọn sì gba iṣẹ́ náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ni wàhálà bá dé.

Ẹgbẹ́ ìjọba ní ọmọ alátakò ni mí. Alátakò ní ẹnu ìjọba ni mí. Kódà nílé, ọkọ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó mi, ẹgbẹ́ wo lo wà gan-an, kí n lè mọ ẹni tí mo fẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀gá wa ti ní tí ariwo yìí ò bá rọlẹ̀, òun á yọ mí kúrò nídìí ìròyìn, kí n lọ máa ka ìkéde ohun tó sọnù. Èmi kẹ̀!

Ilé iṣẹ́ wa ní òfin kan: ẹni tó bá ní ẹ̀sùn sí ìròyìn wa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sábà máa ń pè wọ́n. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn méjèèjì pọ̀." Ó sì gbà.

Agbẹnusọ ìjọba wọlé, apárí ni. Ti alátakò tẹ̀ lé e, ó gbé gíláàsì dúdú sójú nínú ilé. Mo jókòó sáàárín wọn, iná pupa tàn, a ti wà lórí afẹ́fẹ́.

Apárí ló bẹ̀rẹ̀: "Obìnrin yìí, ọmọ ẹgbẹ́ yín pọ́ńbélé ni."

"Tiwa?" Onígíláàsì fò dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ mú èèyàn yín o jàre."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú un!"

"Tó bá jẹ́ tiwa ni, ṣé á sọ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe la gbéṣẹ́ fún?"

"Ṣé irọ́ ló pa ni? Àbúrò ìyàwó alága yín mà lẹ gbé e fún! Aṣọ ló ń rán!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba iṣẹ́ ńkọ́? Ta ló gun àkàbà lọ wò ó nínú yín? Ìsàlẹ̀ lẹ dúró sí tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò!"

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹlẹ́rìí tí mo ń wá ti jókòó tì mí lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ìlú sì ń gbọ́. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

Ìgbà tí wọ́n máa fi rántí iná pupa, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Apárí ní ká bá òun pa apá ibẹ̀ rẹ́.

"Ẹ̀yin àgbà," mo ní, "ẹyin lohùn. Tó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó."

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn. "Ìròyìn ọ̀sán ti tó. Ìwọ ni wàá kà á, lónìí, lọ́la, àti lọ́jọ́ mìíràn."

Háà, inú mi dùn! Mo ka ìròyìn òrùlé náà látòkè délẹ̀, níṣojú àwọn méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ pé "a gbọ́ pé." Mo ní, "Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́."