Ẹ̀dà Kẹta

9.
…ẹ̀dà kejì náà kò ṣí. Agogo mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ilẹ̀kùn irin ti há Ìyá Ẹ̀dà mọ́ yàrá sáfà, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ wà. Ẹ̀rọ amúlétutù ti dákẹ́. Oògùn tí ó máa ń fà símú bí èémí bá há a wà nínú báàgì rẹ̀.

Báàgì wà níta.

1.
Òun ló ń tọ́jú àkójọ dátà iléeṣẹ́ omi. Ẹ̀dà ni ẹ̀mí rẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, mẹ́rin ni.

2. ÈTÒ ÌPAMỌ́ ÀTI ÌDÁPADÀ
Ẹ̀dà kìíní: ojoojúmọ́.
Ẹ̀dà kejì: gbogbo ọjọ́ Ẹtì.
Ẹ̀dà kẹta: ìparí ọdún.
Gbogbo rẹ̀: inú dúróà yàrá sáfà.
Ìdánwò ìdápadà, oṣooṣù: ☑ ☑ ☑ ☑ ☑ ☑ ☑ ☑ ☑

3.
Kò dán ọ̀kan ṣoṣo wò rí.

4. Ọ́fíìsì ọ̀gá, oṣù kìíní
Ọ̀GÁ: Tí o bá dá àkójọ dátà dúró láti dán ẹ̀dà wò, àwọn ilẹ̀kùn ńkọ́?
ÌYÁ Ẹ̀DÀ: Wọn ò ní ṣí, sà. Inú ẹ̀ ni orúkọ àwọn tó ní káàdì wà. Wákàtí kan péré ni.
Ọ̀GÁ: Kí èèyàn wá há? Kì í ṣe lójú tèmi. Máàkì í, jàre.
ÌYÁ Ẹ̀DÀ: Ó dáa, sà.

5. ÌKÉDE, 10:40 ÀÁRỌ̀
Àkójọ dátà ti bàjẹ́. Gbogbo ilẹ̀kùn oníkáàdì ti tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹsẹ̀ gbá wọn.

6. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn; Oníwáyà, tó ń tún wáyà iléeṣẹ́ ṣe, wà níta
ONÍWÁYÀ: Àǹtí, gbogbo nǹkan lẹ ní ẹ̀dà ẹ̀. Ẹ ò wá ní ẹ̀dà ara yín níta?
ÌYÁ Ẹ̀DÀ: Má pa mí lẹ́rìn-ín. Èémí mi ò tó o.
ONÍWÁYÀ: Mo fẹ́ ti oògùn yín gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sáyè rárá. Wẹ́dà tó máa gé ilẹ̀kùn ní òun á dé ní wákàtí méjì.
ÌYÁ Ẹ̀DÀ: N ò ní wákàtí méjì.

7.
Ẹ̀dà kìíní, tó kọ́kọ́ fẹ́ dá padà kí ilẹ̀kùn lè ṣí: òfìfo. Láti oṣù kẹrin.

8.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi máàkì oṣù kẹrin.

10.
Ẹ̀dà kẹta ṣí. Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, bí wọ́n ṣe wà ní ìparí ọdún tó kọjá; káàdì ìgbà náà nìkan ni ilẹ̀kùn máa gbà.

Káàdì tirẹ̀ kò sí níbẹ̀: oṣù kejì ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

ÌYÁ Ẹ̀DÀ: Ìgbà wo lo gba káàdì tìẹ?
ONÍWÁYÀ: Èyí àkọ́kọ́ sọnù, Àǹtí. Bóyá kí ọdún tó parí ni mo gba èyí. Bóyá lẹ́yìn ẹ̀.
ÌYÁ Ẹ̀DÀ: Fi kàn án.

11.
Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Oníwáyà ti fi káàdì rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. A kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá ó ṣí.