Àmì Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ọ̀sán ni ọ̀tá ìyá mi. Páànù ilé wa ti dípẹtà, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti gòkè, yàrá á gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ. Alágbàfọ̀ ni mí. Mo mọ ohun tí iná ń fi aṣọ ṣe. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí Màámi dákú sórí ẹní, tí ara wọn gbóná janjan, tí wọn ò sì làágùn rárá. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá, òoru ló ṣe é. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn wọ́n tí ara gbẹ, ẹ tètè pè mí. Ẹ̀ẹ̀kejì kì í dára o."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo páànù bí ẹni ń wo ejò lórí igi. Màámi ò kà á sí. "Ṣé kí n máa rìn níhòòhò ni?" wọ́n á ní. "Àwọn ọkùnrin àdúgbò ò ní lè sùn mọ́."

Ká má parọ́, káńsù gbìyànjú. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ti yí padà káàkiri ayé, ìlú wa náà ò sì ní káwọ́ gbera. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan rán aṣojú wá sí gbọ̀ngàn wọn. A rán Bàbá Onílé wa, torí àwọn ló dàgbà jù, àwọn ni wọ́n sì ní bàtà tó ń dán. Bí wọ́n ṣe dé, a pé lé wọn lórí.

"Kí ni wọ́n wí, Bàbá?"

"Wọ́n ní oòrùn ń mú."

Kafíńtà tó ń gbé yàrá iwájú, tí a ń pè ní Alápàárà, pàtẹ́wọ́. "Háà! Wọ́n mà gbọ́n o! Abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ti rí i!"

A rẹ́rìn-ín. Bàbá Onílé náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ní àwọn ará káńsù tún sọ̀rọ̀ igi gbígbìn, wọ́n sọ ti òrùlé, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà tutù, oorun sì gbé àwọn lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ti sun irú oorun bẹ́ẹ̀. Ta ló máa bá wọn wí? Abẹ́ páànù kan náà ni gbogbo wa ń sùn.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ káńsù wọ àdúgbò, tòun ti agolo ọ̀dà. Ó yọjú sí yàrá wa, ó rí Màámi lórí ẹní, ó mi orí. Ó ya òbìrìkìtì pupa sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì kọjá sí ilé tó kàn. Mo fẹ́ bi í. Ṣùgbọ́n ìkíni nìkan ni mo kí i. Èmi, bí mo bá ti rí aṣọ ìjọba, àyà mi á máa já.

Pupa yẹn, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun náà ni wọ́n fi sàmì sí àwọn ilé etí odò kí katapílà tó dé wó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú àwọn tó kó ẹní sójú títì nígbà náà.

Alápàárà ò ṣàwàdà mọ́. "Wọ́n fẹ́ wó wa ni."

"Ṣé wọ́n sọ ọ́ nípàdé, Bàbá?" ni ìyàwó rẹ̀ bi Bàbá Onílé.

Bàbá wolẹ̀. "Bóyá wọ́n sọ ọ́ nígbà tí... nígbà tí mi ò gbọ́ dáadáa."

"Ilé tí kò bá lámì, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n?" Alápàárà wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Ta ló mọ àbàwọ́n yọ jù mí lọ?

Mo gbé karosíìnì àti ọṣẹ jáde, wọ́n mú àkísà. Màámi ń pariwo láti inú yàrá: "Kí lẹ̀ ń fọ̀ lára ògiri? Ṣé ògiri ń lọ òde ni?" A fọ̀ títí dé ìparí òpópó. Àmì ilé tó kọjú sí wa nìkan la ò fọwọ́ kàn, torí obìnrin ibẹ̀ ti lọ bímọ, ó tilẹ̀kùn, a ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni ń jalè. À ń káàánú rẹ̀ ni. A ní ó máa gbọ́mọ dé bá òkìtì.

Katapílà ò dé. Àkàbà ló dé. Àwọn ọ̀dọ́ gun òrùlé obìnrin náà, wọ́n ń kun páànù rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, wọ́n ń kọrin. Mo sún mọ́ ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ọ̀dà ti ta sí lójú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́... kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ọ̀dà tó ń lé oòrùn padà ni, sà. Káńsù ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ilé tí arúgbó, aláboyún tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà la ń kọ́kọ́ kùn. A ti fi àmì pupa sí wọn."

Mo nawọ́ sí ilé wa. "Ìyá mi wà nínú ilé yìí."

"Àmì dà?"

"A... a fọ̀ ọ́."

Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, ta ní ń fọ ire kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Àmì là ń tẹ̀lé o. Bí mo bá kun ilé tí kò lámì, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ bá káńsù."

Mo lọ. Òrùlé tiwọn náà ti funfun. Wọ́n kọ́kọ́ kun tiwọn kí ìlú lè rí i. Inú ọ́fíìsì tutù débi pé mo dárí ji Bàbá Onílé pátápátá. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn fún mi ní àga.

"Ọmọ mi, kí ló dé tó fi jẹ́ pupa?"

Ojú tì í. "Pupa ló kù ní sítọ́ọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé fún aṣojú yín."

Mi ò lè sọ pé aṣojú wa sùn.

"Ẹni tó ń sàmì ti lọ sí òdìkejì ìlú," ló wí. "Ọ̀dà tó wà nílẹ̀, ti ilé tó lámì ni. Bí òjò tó ń bọ̀ bá parí, wọ́n á tún rà."

Ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Mo wò ó. Ó ní, "Ẹ máa fún Màmá lómi dáadáa, sà." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Obìnrin ilé tó kọjú sí wa ti gbọ́mọ dé, ó pè mí wọlé kí n wá wo bí yàrá rẹ̀ ṣe tutù. Ọmọ ń sùn bí ẹni pé òjò ń rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí Màámi máa wá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, kíá ló gbà. Màámi ló kọ̀.

"Mi ò ní lọ kú sí yàrá ọmọ tuntun."

"Ẹ ò ní kú, Màámi."

"O mọ aṣọ. O ò mọ ìyẹn." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Oòrùn tí páànù funfun yẹn lé padà, fèrèsé wa ló gbà á wọlé. Lọ́sàn-án àná, ó mọ́lẹ̀ yòò sójú Màámi. Wọ́n lajú.

"Ilẹ̀ ti mọ́?"

"Ọ̀sán ni, Màámi."

"Ilẹ̀ ti mọ́. Gbé mi dìde."

Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn. Ó gbẹ.

Mo ké sí Alápàárà, ó sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Mo rẹ aṣọ sínú omi, omi náà ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo tẹ́ ẹ lé wọn láyà. Mo bọ́ síta, bóyá mo máa rí nọ́ọ̀sì lókèèrè. Kò sẹ́nì kankan. Ni mo bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí òbìrìkìtì yẹn wà. Mo wá ojú àmì náà títí. Ojú ẹ̀ ò sí. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mọ́ tónítóní.